Ẹ Ka Obì Mọ́ Kọfí: Lẹ́tà sí Olóòtú láti Ṣàgámù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lójú ewé ìlera ìwé ìròyìn yín. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa bí àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń mu kọfí sí, mo sì kà á dé ìparí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni ohun tí òǹkọ̀wé yín sọ nípa àwọn ará Fínlándì, tí wọ́n ń lo nǹkan bíi kílò 12 kọfí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, àti nípa Amẹ́ríkà, níbi tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà ti ń mu ún lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ní kí àwa ará Nàìjíríà fọkàn balẹ̀, pé kọfí kì í ṣe nǹkan tiwa. Bó bá jẹ́ ife kọfí nìkan ni à ń kà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n káfíìnì, èyí tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lójú, tó ń mú àyà ẹlòmíràn lù kìkì, tó sì ń mú kí orí fọ́ni lọ́jọ́ tí a kò bá rí i, ti wà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé agolo kọfí wọ ìlú wa. Inú obì ló wà.

Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ohun tí obì jẹ́. Gbànja, aláwẹ́ méjì, ni oko wa kún fún. Àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ máa ń tó mẹ́ta sí mẹ́fà, ni a ń gbé kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ètùtù. Láyé àtijọ́, láti ilẹ̀ Aṣáńtì àti Gónjà ni gbànja tí àwọn ará Kánò ń jẹ ti ń wá, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ gbin ín káàkiri Agége àti Rẹ́mọ, tí ọkọ̀ ojú irin sì so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní ọdún 1912, ọjà náà yíjú sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, ẹni tó bá yà sí ọ̀dọ̀ àwọn olóbì ní Ṣàgámù yóò rí àwọn obìnrin tó ń bó èèpo funfun kúrò lára obì tí wọ́n ti rẹ sómi, tí wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti lu sọ́tọ̀, tí wọ́n ń ya funfun kúrò lára pupa, tí wọ́n sì ń to èyí tó gún régé sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ nídìí, kó má baà gbẹ kó tó dé Òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ lóòótọ́. Èyí tó kù, àwa la ń jẹ ẹ́, a sì ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedlieb Ferdinand Runge ló kọ́kọ́ yọ káfíìnì jáde lára èso kọfí ní ọdún 1819. Ohun tó yọ nígbà náà gan-an ló wà nínú ewé tíì, òun náà ló sì wà nínú obì. Kì í ṣe èyí tó jọ ọ́, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Kọfí arabica, tó ti ilẹ̀ Etiópíà wá, máa ń ní káfíìnì tó ju ìdá kan lọ díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Robusta, tó jẹ́ igi ilẹ̀ Áfíríkà bákan náà, tí wọ́n sì ń lò gidigidi fún kọfí ẹlẹ́bu tí a ń da omi gbígbóná sí, máa ń ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Bí a bá gbé obì gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú robusta, káfíìnì inú àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ po Coca-Cola ní ìlú Atlanta ní 1886, obì wà lára ohun tí wọ́n fi pò ó. Ìjọba tiwa náà kò ya àwọn igi wọ̀nyí nípá: ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, òun kan náà ló ń bójú tó kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì. Kí ló wá dé tí àwa tí à ń kọ̀wé nípa ìlera fi ń sọ̀rọ̀ kọfí bí ẹni pé obì kò sí láyé?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí káfíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine a máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Òun ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé ó yẹ kó sùn. Káfíìnì a lọ gba ìjókòó adenosine, kò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ tó wá jẹ́ dé etí ara. Àárẹ̀ náà kò lọ síbì kankan. Ó wà níbẹ̀, a kò kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ ni, bí káfíìnì bá sì ti dìde, yóò ya lù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ yá, ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì káfíìnì tó jẹ tó kúrò lára, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdajì ohun tí ènìyàn mu ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ara kò dọ́gba: ti ẹlòmíràn a tètè kúrò, ti ẹlòmíràn a pẹ́, ti aboyún a sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, pàápàá bí oyún bá ti ń dàgbà.

Kọfí fúnra rẹ̀ sì ti ń gba àyè láàrin wa. Ṣọ́ọ̀bù kékeré wo ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìkẹ́nnẹ́ ni kò so kọfí alápò pélébé kọ́ sí ẹnu fèrèsé, èyí tí wọ́n ti po mílíìkì àti ṣúgà mọ́ láti ilé iṣẹ́? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ìdánwò ní Àgọ́-Ìwòyè ń mu ún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé iṣẹ́ tó yí Ṣàgámù ká ń mu ún, àwọn tó ń lọ sí ìṣọ́ òru náà sì ń gbé e dání nínú fúláàsì. Ṣùgbọ́n bí olóòtú bá fẹ́ rí bí àgbàlagbà ṣe ń mu kọfí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, kí ó rán akọ̀ròyìn lọ sí Ògèrè lóru, níbi tí àwọn tírélà ti ń tò sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Oníṣáì yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, kẹ́tù ńlá lórí iná èédú. Yóò da mílíìkì alágolo tó ki sísàlẹ̀ ife, yóò da ṣúgà lé e láìwọn, yóò bu kọfí ẹlẹ́bu sí i, yóò sì wá máa da á láti ife kan sí èkejì, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, títí tí yóò fi hó rúkúrúkú. Awakọ̀ yóò fi búrẹ́dì sí i. Kó tó gun ọkọ̀, yóò ra gbànja, nígbà mìíràn yóò sì tún ra ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní ẹ́nájì, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kéde ní 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò gbọ́dọ̀ jẹ ju nǹkan bíi 400 mílígíráàmù káfíìnì lọ lójúmọ́, kó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ife kọfí ẹlẹ́bu kan a máa ní nǹkan bí 60 sí 80. Agolo ẹ́nájì kékeré kan, èyí tó jẹ́ 250 mílílítà, sábà máa ń ní 80. Àwọn oògùn orí fífọ́ kan tún wà tí wọ́n fi káfíìnì kún, tí hóró kan ń ní 65, tí àwọn ènìyàn sì ń lò ó ní méjì-méjì. Awakọ̀ tó mu ife kọfí méjì, tó mu agolo méjì, tó sì lo hóró méjì nítorí pé orí ń fọ́ ọ, ti kọjá 400 kó tó fi eyín kan obì rárá. Bí wọ́n bá sì bi í pé ṣé ó máa ń mu kọfí púpọ̀, yóò fèsì pé ife méjì péré ni, kò sì purọ́.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo wa tún ronú sí. Ní ilé ìwòsàn àti níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn ará ìlú, a máa ń bi àwọn àgbàlagbà pé, “Bàbá, ṣé ẹ máa ń mu kọfí?” Bàbá a ní, “Rárá o, nọ́ọ̀sì, èmi kì í mu ohun òyìnbó.” A ó kọ “rárá” sínú ìwé. Bí bàbá bá sì jókòó sórí àga tán, tó ń dúró de ẹ̀rọ, yóò ti ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀, yóò yọ gbànja tó wé sínú ọ̀rá, yóò gé díẹ̀ fi sẹ́nu, yóò sì na ìyókù sí nọ́ọ̀sì pé kó bá òun jẹ. Bẹ́ẹ̀, ìlànà iṣẹ́ ìlera ni pé kí ẹni tí a fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀ má ti jẹ ohunkóhun tó ní káfíìnì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí pé ó máa ń gbé ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kò mọ́ lára. Bàbá yìí lè dé ilé pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀, kó sì máa ṣàròyé ní oṣù tó ń bọ̀ pé oorun kò kun òun mọ́ lóru. Yóò gba oògùn oorun. Obì sì wà lápò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

N kò dá bàbá lẹ́bi. Obì jẹ́ ohun àlejò àti ohun àdúrà ní ilé tó ti dàgbà, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni pè é ní oògùn. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ìlera nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú òkèèrè, níbi tí kọfí àti tíì ti jẹ́ gbogbo káfíìnì tí wọ́n mọ̀, ló yẹ kó tún ìbéèrè náà ṣe kó bá ilẹ̀ tí à ń gbé mu.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tún wà níbẹ̀, ó sì dùn mí pé wọn kì í sọ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ káfíìnì, tó sì ṣíwọ́ lójijì, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láàrin wákàtí 12 sí 24. Ara a wúwo, inú a máa bí i sí gbogbo ènìyàn, oorun a máa kùn ún lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì Ramadan, tàbí nígbà ààwẹ̀ àwọn Kristẹni, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ń di orí mú. Àwọn kan á ní ibà ni, àwọn kan á ní ebi ni, àwọn mìíràn á tilẹ̀ máa wò ó bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Bí ó bá di alẹ́, tí wọ́n lo oògùn orí fífọ́ tó ní káfíìnì nínú, orí a fúyẹ́ wẹ́rẹ́, wọn a sì gbà pé oògùn náà dára gan-an. Ẹni tó bá ń jẹ obì tàbí tó ń mu kọfí lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ààwẹ̀, ìrora náà kì yóò sì le tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn aboyún ni mo fẹ́ kí ẹ bá sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìyá tàbí ìyá ọkọ ń fún ní obì nítorí èébì òwúrọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún tó ń jẹ ju 300 mílígíráàmù káfíìnì lọ lójúmọ́ dín in kù, nítorí ewu oyún wíwálẹ̀ àti kí ọmọ má kéré jù nígbà ìbí. Àjọ Yúróòpù tí mo dárúkọ lókè tilẹ̀ ní kí ó má kọjá 200. Ó sì tún yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kọfí tàbí tíì tí a bá mu pọ̀ mọ́ oúnjẹ máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin, èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹni tó fi tíì gbígbóná gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì ti fi ọwọ́ òsì gba ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún fún ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bá kọfí jà, tàbí pé mo fẹ́ ba ọjà obì jẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn mi lọ́wọ́. Àwọn kan wà tí ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n yẹra fún un pátápátá: Ìjọ Adventist, tó dá Yunifásítì Babcock sílẹ̀ ní Ìlíṣàn nítòsí wa níhìn-ín, máa ń gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú láti má ṣe mu kọfí àti ohun mìíràn tó ní káfíìnì, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìdúró wọn. Ṣùgbọ́n ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé àwọn tó ń mu kọfí níwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í sábà ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà tó ti àgbà wá bí àwọn tí kì í mu ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí nìkan kò tó láti sọ pé kọfí ló dáàbò bò wọ́n. Ní 2016, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé mú orúkọ kọfí kúrò lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún ni ohun mímu tó gbóná ju ìwọ̀n 65 Celsius lọ, kọfí ì báà jẹ́, omi ì báà jẹ́, nítorí ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn tí ìwádìí wọ̀nyí dá lé lórí kì í sì í ṣe ẹni tó ń mu kọfí bí a ṣe ń mu ún ní Ògèrè. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, tó wá gbọ́ pé kọfí dára, tó sì ń mu ife alámílíìkì, oníṣúgà rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ìpalára ló ń ṣe fún ara rẹ̀.

Ti àwọn awakọ̀ ni mo fi sẹ́yìn nítorí pé òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Oríta Ṣàgámù, níbi tí títì Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé títì tó ń lọ sí Benin, jẹ́ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í dá, lọ́sàn-án àti lóru. Káfíìnì wúlò fún awakọ̀, n kò ní parọ́: ó ń jẹ́ kí ojú dá fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbà tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mú ara dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ máa ń jẹ obì tàbí mu kọfí nígbà tí ojú ti ń pa dé, tí wọ́n á sì tẹná mọ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ti gbé wọn dé ibi tó jìnnà. Ohun tó dára ni kí wọ́n mu ún, kí wọ́n páàkì ọkọ̀ síbi tó láàbò, kí wọ́n sùn fún ogún ìṣẹ́jú, kí oorun díẹ̀ àti káfíìnì jọ ṣiṣẹ́ papọ̀. Ẹni tí kò sùn fún òru méjì, kò sí kọfí tàbí obì tó lè bá a sùn ún. Ìmọ̀ràn yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ sì lè máa sọ ọ́ létí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, olóòtú, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa káfíìnì àwọn àgbàlagbà, ẹ má wo Fínlándì àti Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ rán ènìyàn wá sí ọjà obì Ṣàgámù, sí Ògèrè àti sí ilé ìgbẹ̀bí, ẹ sì jẹ́ kí onímọ̀ nípa oúnjẹ bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀ nípa gbànja tí wọ́n mọ̀. Mo sì ń fi ojú ewé yín bẹ àwọn tó ń bójú tó ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pé kí wọ́n tún ìbéèrè inú káàdì ìfúnpá àti káàdì aboyún kọ. Dípò “Ṣé ẹ máa ń mu kọfí?”, kí wọ́n máa bèèrè obì, kọfí, tíì, ẹ́nájì àti oògùn orí fífọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tí ẹni náà ń jẹ lójúmọ́, àti aago tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣàgámù, Rẹ́mọ.